Láti Dísíìkì àti Téèpù Àtijọ́ dé E1, T1 àti STM-1: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìṣirò Ìyára Dátà

Ìwé tó bá dísíìkì àti téèpù wá máa ń fi báìtì ka ìyára. Ìwé tó bá líǹkì tẹlifóònù wá máa ń fi bíìtì kà á. E1, T1 àti STM-1 jẹ́ orúkọ irú líǹkì bẹ́ẹ̀: E1 àti T1 kéré, STM-1 tóbi jù wọ́n lọ dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ fi líǹkì gbé ohun tó wà lórí téèpù, ìṣirò náà kò le, ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta ni nọ́ńbà ti máa ń sọnù: láàrin bíìtì àti báìtì, láàrin 1,000 àti 1,024, àti láàrin iye tó ń sáré lórí wáyà àti iye tó jẹ́ tiyín nínú rẹ̀. Ìkẹta yìí ló ń ba ètò iṣẹ́ jẹ́ jù, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í kà mọ́ ọn. Nítorí náà, òun ni mo máa dúró lé lórí jù.

Líǹkì 2 Mb/s ni mo sanwó fún. Kí ló dé tí fáìlì mi ń rìn ní nǹkan bí 240 kB/s?

b kékeré ni bíìtì, B ńlá ni báìtì, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì kan. Ẹ fi 8 pín 2,000,000, ẹ ó rí báìtì 250,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Díẹ̀ tó tún dín lórí rẹ̀ wà nínú àkọlé tí IP àti TCP (ìlànà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń gbé dátà) ń lẹ̀ mọ́ pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdì dátà, kọ̀ọ̀kan: nínú báìtì 1,500, 40 jẹ́ àkọlé, 1,460 ló jẹ́ ti fáìlì yín. Ó di nǹkan bí 243 kB/s. Ẹni tó ta líǹkì náà fún yín kò rẹ́ yín jẹ, dísíìkì yín náà kò sì bàjẹ́.

Ṣé báìtì ti ń jẹ́ bíìtì 8 láti ìbẹ̀rẹ̀?

Rárá o. IBM 350, tó bá ẹ̀rọ RAMAC jáde ní ọdún 1956, ni dísíìkì kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó dé ọjà. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ gba bíìtì 6 fún dátà, ó sì lè ka 8,800 irú wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀ á rí bíìtì 70,400, á sì rò pé ó yára ju ojú ọ̀nà tẹlifóònù kan lọ. 6 ló yẹ kó lò, ìyẹn á fún un ní 52,800. Gbogbo ẹ̀rọ gàgàrà yẹn kò yára tó ojú ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo tó ń gba 64,000!

Ìgbà tí IBM gbé System/360 jáde ní 1964 ni báìtì oníbíìtì 8 bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Fún dísíìkì kọ̀ǹpútà ilé àti ti ọ́fíìsì, ẹ lo 8 láìbẹ̀rù.

Ibo ni 64 kb/s ti wá, tó fi jẹ́ pé gbogbo nọ́ńbà tẹlifóònù ló dúró lé e?

Ohùn tí tẹlifóònù ń gbé kì í kọjá nǹkan bí 3,400 hertz. Kí ohùn bẹ́ẹ̀ tó lè di nọ́ńbà, kó sì tún padà di ohùn láìdàrú, a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà 8,000 ni wọ́n fẹnu kò sí. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan gba bíìtì 8, ìyẹn ni 64,000. Alec Reeves, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é ní owó pọ́ọ́kú. Ojú ọ̀nà kan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní DS0.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ sórí ni pé DS0 kan jẹ́ báìtì 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ti mọ iye DS0 tó wà nínú líǹkì, ẹ fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti rí kB/s rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló mú kí T1 jẹ́ 1,544 kb/s, kí E1 sì jẹ́ 2,048 kb/s?

Bell, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, ló gbé T1 sẹ́nu iṣẹ́ ní 1962. Wọ́n to ojú ọ̀nà ohùn 24 tẹ̀léra, wọ́n mú bíìtì 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 192, wọ́n wá fi bíìtì 1 kún un kí ẹ̀rọ òdìkejì lè mọ ibi tí férémù (ìyẹn ìdì bíìtì yìí) ti bẹ̀rẹ̀. Férémù oníbíìtì 193 yìí ń lọ nígbà 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 1,544,000.

Yúróòpù gba ọ̀nà tirẹ̀. Àyè 32 ni wọ́n ṣe, bíìtì 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 256 × 8,000 = 2,048,000. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òdo. Àyè 0 ń tọ́ férémù. Àyè 16 ń gbé àmì ìpè, ìyẹn ẹni tó ń pè, ẹni tí wọ́n ń pè, àti ìgbà tí wọ́n gbé fóònù kalẹ̀. Ọgbọ̀n tó kù jẹ́ ti ohùn.

Nàìjíríà, Benin àti Togo, E1 ni gbogbo wọn ń lò. Brazil náà yan E1. Amẹ́ríkà, Kánádà àti Japan ló dúró sórí 1,544. Bí ìwé iṣẹ́ kan bá ti Houston wá sí Èkó, T1 ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn àfi bó bá sọ òmíràn.

Ṣé mo lè fi gbogbo 2,048 yẹn gbé dátà?

Ó dá lórí bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń ṣìnà. Bí E1 náà kò bá ní férémù rárá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ tiyín: 256 kB/s. Bó bá ní férémù tí wọ́n sì fi gbogbo àyè tó kù fún dátà, 31 ló kù: 1,984 kb/s, 248 kB/s. Bí wọ́n bá tún fi àyè 16 sílẹ̀ fún àmì ìpè, 30 ló kù: 1,920 kb/s, 240 kB/s. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń kọ sórí ìwé fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

T1 mọ́ férémù jẹ́ 1,544, ṣùgbọ́n 1,536 ló jẹ́ tiyín: 192 kB/s. Lórí àwọn líǹkì Amẹ́ríkà àtijọ́, ó tún lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú férémù mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n máa ń yọ bíìtì tó kéré jù nínú ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fi gbé àmì ìpè. Etí kì í mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n fáìlì tí wọ́n yọ bíìtì kan nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń lo bíìtì 7 péré nínú 8 bí wọ́n bá fẹ́ gbé dátà, tí ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fi di 56 kb/s, tí gbogbo T1 náà sì di 1,344. Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣírò.

1,000 ni kílò àbí 1,024?

Lórí líǹkì, 1,000 ni, kò sí àríyànjiyàn. 2,048 orí E1 ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Wọ́n rò pé 2 × 1,024 ni, bẹ́ẹ̀ 32 × 64 ló bí i.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ohun ìpamọ́ ni wàhálà wà. Mẹ́mọ́rì ń fi 1,024 kà, àwọn tó ń ṣe dísíìkì líle ń fi 1,000 kà, flọ́pì wá da méjèèjì pọ̀. Flọ́pì tí wọ́n kọ 1.44 MB sí lára ní ipa 80, ojú 2, sẹ́kítọ̀ 18 lórí ipa kọ̀ọ̀kan, báìtì 512 nínú sẹ́kítọ̀ kan. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 1,474,560. Ìyẹn jẹ́ 1,440 lọ́nà 1,024, wọ́n wá pe 1,000 irú rẹ̀ ní M kan. Bí ẹni fi kọ́ńgò kan wọn ìrẹsì, tó tún wá fi kọ́ńgò mìíràn ka àpò ni. M yẹn kì í ṣe 1,000,000, kì í sì í ṣe 1,048,576.

Ní 1998, IEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà ohun èlò iná mànàmáná lágbàáyé, gbé KiB, MiB àti GiB kalẹ̀ fún àwọn tó ń fi 1,024 kà. Mo rọ̀ yín kí ẹ lò wọ́n nínú ìwé tiyín, nítorí àṣìṣe yìí ń dàgbà bí ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i: ní kílò, 2.4% ni, ní mẹ́gà, ó ti sún mọ́ 5%, ní gígà, ó ti kọjá 7%.

CD 52x, E1 mélòó nìyẹn?

1x jẹ́ sẹ́kítọ̀ 75 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, báìtì 2,048 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 153,600 B/s. 52x jẹ́ 7,987,200 B/s, ìyẹn nǹkan bí 63.9 Mb/s. Ẹ fi 1.984 pín in, ẹ ó rí E1 32 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n etí òde CD nìkan ni 52x yẹn ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ka apá inú, ó máa ń lọ sílẹ̀ gan-an.

Ìṣirò kan wà níbí tó wù mí púpọ̀. T1 tó fún yín ní 192,000 B/s jẹ́ 1.25x gẹ́lẹ́. Nítorí náà, CD ìṣẹ́jú 80, tó ní sẹ́kítọ̀ 360,000 àti báìtì 737,280,000, á gba ìṣẹ́jú 64 lórí T1, láìlé láìdín. Lórí E1 oní-1,984, nǹkan bí ìṣẹ́jú 49 àtààbọ̀ ni. (CD orin yàtọ̀ o: 44,100 × 16 × 2 jẹ́ 1,411,200 b/s, ìyẹn 176,400 B/s, nítorí kò ya àyè sọ́tọ̀ fún àtúnṣe àṣìṣe tó CD dátà.)

Ìgbà wo ni flọ́pì kan máa dé lórí módẹ́ẹ̀mù?

Lórí DS0 kan, báìtì 1,474,560 á gba ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 4. Lórí módẹ́ẹ̀mù 9,600 b/s àtijọ́ tí kò ní àtúnṣe àṣìṣe, ẹ má fi 8 pín in. Irú módẹ́ẹ̀mù bẹ́ẹ̀ ń fi bíìtì kan ṣíwájú báìtì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ọ̀kan parí rẹ̀, báìtì kan wá di bíìtì 10 lórí wáyà. Ó jẹ́ 960 B/s, flọ́pì kan sì máa gba ìṣẹ́jú 25 àti ìṣẹ́jú àáyá 36. Ẹni tó fi 8 pín in á máa retí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 20 àti díẹ̀, á sì máa rò pé líǹkì ti já.

Ṣé baud àti b/s jọ jẹ́ ọ̀kan?

Lórí módẹ́ẹ̀mù Bell 103 ti 1962, bẹ́ẹ̀ ni: 300 baud, 300 b/s. Baud ni iye ìgbà tí àmì orí wáyà ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Módẹ́ẹ̀mù V.22bis ń fi bíìtì 4 sínú ìyípadà kọ̀ọ̀kan, 600 baud rẹ̀ sì di 2,400 b/s.

Ibo ni SCSI àti IDE bọ́ sí láàrin àwọn líǹkì ńlá?

SCSI àti IDE jẹ́ ojú ọ̀nà tó so dísíìkì mọ́ kọ̀ǹpútà; E3, E4 àti T3 jẹ́ líǹkì tó tóbi ju E1 àti T1 lọ. SCSI àkọ́kọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1986, dé 5 MB/s. Ìyẹn 40 Mb/s: ó ju E3 lọ, tó jẹ́ 34.368, kò sì tó T3 tó jẹ́ 44.736. IDE ní PIO 4, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó ń gbà gbé dátà, dé nǹkan bí 16.7 MB/s, ìyẹn 133 Mb/s, tí kò tíì dé 139.264 ti E4. Ultra160, SCSI tó dé lẹ́yìn náà, jẹ́ 1,280 Mb/s, ó fi díẹ̀ ju STM-4 (ìlọ́po mẹ́rin STM-1) méjì lọ. Ultra320 jẹ́ 2,560, ó sì kọjá STM-16 tó jẹ́ 2,488.32.

Ẹ kíyè sára: ìyára ojú ọ̀nà nìwọ̀nyí, kì í ṣe ti dísíìkì. Ultra320 wà kí dísíìkì tó tó 15 lè jọ pín in lò, kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú dísíìkì ìgbà náà tó lè kún un. Bí ẹ bá ń ra líǹkì nítorí nọ́ńbà tó wà lára wáyà SCSI, owó yín ń ṣòfò. Ẹ wọn dísíìkì náà fúnra rẹ̀.

SATA 1.5 Gb/s yẹ kó jẹ́ 187.5 MB/s. Kí ló dé tí wọ́n kọ 150?

Nítorí pé báìtì kan jẹ́ bíìtì 10 lórí SATA (ojú ọ̀nà dísíìkì tó rọ́pò IDE) náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí rẹ̀ yàtọ̀ sí ti módẹ́ẹ̀mù. Wọ́n ń pààrọ̀ bíìtì 8 sí bíìtì 10 kí òdo má bàa tò léra jù lórí wáyà, kí ẹ̀rọ tó ń gbà á lè máa tọ́ aago rẹ̀. 8b/10b ni wọ́n ń pè é. Fibre Channel àkọ́kọ́, ojú ọ̀nà dísíìkì mìíràn, ń sáré ní 1.0625 Gb/s, ẹ fi 10 pín in: 106.25 MB/s, tí àwọn tó ń tà á sọ di 100. USB 3.0 oní-5 Gb/s náà di 500 MB/s. USB 2.0 kò sí lára wọn, nítorí náà 8 ni ẹ ó fi pín 480 rẹ̀, kí ẹ tó wá yọ ti àkọlé kúrò.

Mo ní téèpù LTO kan tó kún. Ọjọ́ mélòó ni yóò lò lórí E1?

Ìbéèrè tó ní owó àti ẹjọ́ nínú nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. LTO-1, tó jáde ní 2000, gba 100 GB láìfún dátà pọ̀, ó sì ń kà á ní 20 MB/s. Lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 5,000 ni, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 23 àti díẹ̀.

100 GB jẹ́ bíìtì bílíọ̀nù 800. Ẹni tó fi 2,048 kb/s pín in á rí ọjọ́ 4 àti wákàtí 12 àtààbọ̀. Ẹni tó fi 1,984 pín in á rí ọjọ́ 4 àti wákàtí 16. Ẹ fi àkọlé TCP kún un, ó ti sún mọ́ ọjọ́ márùn-ún. Bó bá wá jẹ́ pé téèpù náà ni ẹ fi ń gbé àkọsílẹ̀ báńkì lójoojúmọ́, líǹkì yẹn kò lè bá yín débẹ̀ láé. Ọ̀kadà tó gbé téèpù náà láti Ìkẹjà lọ sí Marina á dé ṣáájú.

Ó tún kù. 20 MB/s jẹ́ 160 Mb/s, èyí sì ju gbogbo STM-1 (155.52 Mb/s) lọ! Ẹ̀rọ téèpù kì í fẹ́ kí dátà máa kán tótó sí òun. Bí dátà kò bá dé ní àsìkò, ó máa dúró, á yí téèpù padà sẹ́yìn, á tún bẹ̀rẹ̀, léraléra, títí tí téèpù á fi gbó. Ẹ má ṣe so líǹkì pọ̀ mọ́ téèpù tààrà. Ẹ kọ́kọ́ kó o sórí dísíìkì, láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́ sórí téèpù.

E1 orí sátẹ́láìtì ni tèmi, kò sì ju 870 kb/s lọ. Ṣé wọ́n tà mí ní ààbọ̀ ni?

Ó ṣeé ṣe kí líǹkì náà pé. Sátẹ́láìtì náà wà ní òkè tó tó kìlómítà 35,786. Lílọ àti bíbọ̀ pákẹ́ẹ̀tì kan ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ. TCP àtijọ́ kì í fi ju báìtì 65,535 ránṣẹ́ kí ó tó dúró de èsì. Bí èsì bá gba 0.6 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ fi pín 65,535, ẹ ó rí nǹkan bí 109 kB/s, ìyẹn 874 kb/s, bó ti wù kí líǹkì náà fẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí VSAT (líǹkì tó ń lo àwo sátẹ́láìtì kékeré) ní Nàìjíríà, kí okùn abẹ́ òkun tó dé, ibí yìí ló ti ṣẹ́ yọ. Ẹ fi fáìlì mẹ́ta ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àpapọ̀ wọn bá kún líǹkì náà, TCP ni kí ẹ tún ṣe, kì í ṣe líǹkì.

E1 mélòó ló wà nínú STM-1?

Férémù STM-1 ní ìlà 9 àti òpó 270, báìtì kan ní ojú kọ̀ọ̀kan, ó sì ń lọ nígbà 8,000 bíi ti ohùn: 155.52 Mb/s. Òpó mẹ́wàá jẹ́ ti àkọlé, 260 tó kù sì jẹ́ 149.76 Mb/s, ìyẹn 18.72 MB/s. Bí wọ́n bá kó E1 sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 63 ni. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ kó wọn sínú E4 kan, 64 ni. Nítorí náà, ẹni méjì lè máa jiyàn lórí 63 àti 64 kí àwọn méjèèjì sì jàre.

Nígbà tí okùn abẹ́ òkun SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, tó gúnlẹ̀ sí Cotonou àti Èkó, E1 àti STM-1 ni wọ́n fi ń díwọ̀n àyè lórí irú okùn bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn ìgbà náà ṣì wà nínú fáìlì ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà tí kò fọwọ́ kan E1 rí ló sì ń kà wọ́n báyìí.

Ohùn GSM kì í ṣe 64 kb/s. Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á lórí E1?

13 kb/s ni, wọ́n á fi sínú àyè oní-16 kb/s. Mẹ́rin jókòó sínú DS0 kan. Rédíò kan lórí òpó GSM, tó lè gbé ohùn mẹ́jọ, á gba DS0 méjì, wọ́n á sì wá àyè fún àmì ìpè lọ́tọ̀.

Mo rí nọ́ńbà ìyára nínú ìwé àtijọ́, wọn kò kọ ẹyọ rẹ̀ sí i. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wo nọ́ńbà náà dáadáa, ó sábà máa ń sọ ibi tó ti wá. 1544, 2048, 34368, 44736 àti 155520 jẹ́ ti líǹkì, kb/s ni ẹyọ wọn. 1536, 1984 àti 1920 jẹ́ ti líǹkì náà, ẹni tó kọ wọ́n sì ti yọ férémù kúrò fún yín, ẹ má tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. 150 lẹ́gbẹ̀ẹ́ CD jẹ́ KiB/s, 150 lẹ́gbẹ̀ẹ́ SATA jẹ́ MB/s. 176400 jẹ́ B/s ti CD orin. 33, 66, 100 àti 133 tí wọ́n bá wà pọ̀ jẹ́ MB/s ti IDE. 56 nìkan ni kò ṣeé dá mọ̀ lójú: ó lè jẹ́ módẹ́ẹ̀mù V.90, ó sì lè jẹ́ DS0 Amẹ́ríkà tí wọ́n yọ bíìtì kan nínú rẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ìwé náà, nítorí V.90 kò sí ṣáájú 1998.